“Mọ́tò Gbogbo Wa Ni”

Kì í ṣe pé mo ní kí àwọn ará ilé wa má wọ̀ ọ́ o. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, irọ́ ló ń pa. Ta ni mo lé sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò yẹn rí? Mo gbé wọn lọ jímọ́ọ̀, mo gbé wọn lọ ìsọmọlórúkọ, mo gbé ewúrẹ́, mo gbé ẹ̀gẹ́, kódà mo gbé bẹ́ẹ̀dì ẹni tí mi ò mọ̀ rí, a so ó mọ́ orí mọ́tò bíi gèlè. Mi ò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fìka gún mi lójú, kí wọ́n tún ní kí n dúpẹ́, ìyẹn ni mi ò lè gbà.

Mo rántí ìgbà tí mi ò tíì rà á. Kútọ̀ ni mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ Ìkẹjà nígbà yẹn, ilẹ̀ ò ní í tíì mọ́. Ésì, ẹ̀rọ amúlétutù, ni mò ń tún ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi o, inú fóònù ni mo ti ń wò ó, mò ń tú u, mò ń bà á jẹ́, mò ń tún un ṣe, títí ó fi mọ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀gá mi ò bìkítà pé mi ò ní sátífíkéètì, àfi kí n ṣáà tètè dé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bọ́ọ̀sì ò ní í gbéra àfi tó bá kún, tó bá sì kún tán, ìgbà yẹn ni dírẹ́bà á ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ jẹun. Ọ̀gá pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ọmọ Ẹ̀gbá, o mọṣẹ́ o, ṣùgbọ́n tó o bá ṣì ń pẹ́ dé báyìí, ilé lo máa jókòó sí.” Ìdí tí mo fi ra mọ́tò nìyẹn. Kì í ṣe fáàrí. Iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ dì mú.

Mọ́tò kékeré ni, tòkunbọ̀, ó gba èmi, ìyàwó mi àtọmọ wa, ẹrù díẹ̀ lẹ́yìn, ó parí. Ọjọ́ tí mo gbé e wọ agboolé wa ní Kémta, ẹ ò bá rí bí mo ṣe ń tẹ fèrè, bí ẹni tó ra bàálù. Àáfà ṣàdúà sí i, gbogbo ilé yọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Àlàájì, òun ni olórí ilé wa. Ó fọwọ́ gbá iwájú mọ́tò, ó ní, “Ta ló ni èyí?” Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé. Ọmọ gidi kì í dáhùn pé èmi ni. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, “Mọ́tò gbogbo wa ni, sà.” Ilé hó yèè. Àlàájì ní, “Ẹ gbọ́ o! Ó ti fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ o!” Èmi ń rẹ́rìn-ín nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí mo wà. Mo rò pé ọmọlúàbí ni mò ń ṣe. Òmùgọ̀!

Láti ọjọ́ yẹn, kọ́kọ́rọ́ kejì ti wọ àpò Àlàájì. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé tán, wọ́n á ti máa dúró lẹ́nu ọ̀nà. Epo, èmi ni. Táyà, èmi ni. Ìyàwó mi bi mí léèrè pé, “Mọ́tò yìí, ṣé àwa la rà á, àbí a kàn bá wọn wà á wálé?” Mo lọ sọ fún bàbá mi. Ó ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Mo ní ẹ ṣé o, sà, ṣùgbọ́n àyà tèmi ni gbogbo yín ń gbá.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan. Mo ti wọṣọ iṣẹ́ tán. Ọ̀gá ti pè mí pé ésì inú gbọ̀ngàn ò tutù rárá, àlejò sì ń bọ̀ níbẹ̀. Ó ní tí mo bá pẹ́ dé lónìí, kí n má wulẹ̀ wá mọ́. Mo débi mọ́tò, Àlàájì ti jókòó síwájú, àwọn ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ará ilé ti há ara wọn sẹ́yìn. Ìyá ìyàwó ẹ̀ kékeré ló kú ní Kọ́bapẹ́.

“Àlàájì, ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n sáré bá yín wá mọ́tò ní Kútọ̀.”

“Kútọ̀? Kí n wọ bọ́ọ̀sì lọ ilé àna mi lọ́jọ́ òkú, nígbà tí mọ́tò wa wà nílẹ̀?”

“Iṣẹ́ mi ni, sà. Wọ́n máa lé mi.”

“Òkú ò ní í dúró. Kí wọ́n tó kírun ọ̀sán, wọ́n á ti sin ín. Iṣẹ́ á dúró.”

Ìyàwó ẹ̀ àgbà yọrí láti ẹ̀yìn. “Hẹ̀n, ọkọ mi, ṣé kì í ṣe ìwọ lo dọ̀bálẹ̀ tó o ní ti gbogbo wa ni? Àbí a yá ọ lẹ́nu ni?”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, nínú mọ́tò òkú o! Mo wojú bàbá mi tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Tẹ̀sùbáà ló ń wò. “Jẹ́ kí wọ́n máa lọ,” ó ní.

Mo wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo fi dé, ẹlòmíì ló wà lórí àkàbà lábẹ́ ésì mi. Ọ̀gá ò tiẹ̀ pariwo mọ́ mi. Ì bá pariwo, ara ì bá fúyẹ́ díẹ̀. Ó ní kí n bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀.

Mi ò tíì délé tí wọ́n fi pè mí. Mọ́tò ti dákú sójú ọ̀nà Kọ́bapẹ́. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láti ibi ìsìnkú ni iná pupa tàn níwájú Àlàájì, èéfín ń yọ, omi ti tán nínú ẹ̀, Àlàájì ní kò sí nǹkan kan, bí mọ́tò òyìnbó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ títí ó fi kú pátápátá. Mẹkáníìkì tú u wò, ó mirí. “Bọ̀dá, mi ò ní parọ́ fún yín. Íńjìnnì yìí ti nọ́ọ̀kì. Àfi kẹ́ ẹ wá òmíì.” Ta ló fẹ́ bá mi wá òmíì? Gbogbo ẹni tó ń sọ pé “mọ́tò wa,” kò sẹ́ni tó sọ pé “íńjìnnì wa.”

Mo ṣì lọ sí fídáù ọjọ́ kẹjọ o, torí àna ni àna. Èmi àti bàbá mi jókòó lórí ẹní kan náà. Àáfà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúà fún Àlàájì, pé ó gbé mọ́tò ẹ̀ sílẹ̀ fún òkú àna ẹ̀, pé Ọlọ́run á fi ńlá pààrọ̀ ẹ̀ fún un. Àlàájì tẹ́wọ́, ó ń ṣe àmín. Ó ní, “Mo ti yọ̀ǹda ẹ̀ nítorí Ọlọ́run.” Bàbá mi fìgúnpá gbún mi, ó ní kí èmi náà ṣe àmín.

Mo dìde. Mo ní, “Mọ́tò mi ni. Iṣẹ́ mi ló sì bá a lọ.”

Gbogbo wọn kọjú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà, pé mo ba òkú jẹ́, pé mo dójú ti ilé wa níwájú àna. Wọ́n ní kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún Àlàájì. Mi ò lọ.

Mọ́tò náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà wa níbi tí wọ́n fà á wá sí, bí mo ṣe ń tẹ èyí, táyà ẹ̀ ti fẹ̀ sílẹ̀, adìyẹ ń yé sábẹ́ ẹ̀. Fáànù ni mò ń tún ṣe báyìí ní Kémta, iná kì í sì í sí tí mo máa fi dán an wò. Tí mo bá kí àwọn ará ilé pé ẹ kú àárọ̀, wọ́n á wojú ògiri. Bàbá mi gan-an ò bá mi sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi nìkan ló ṣì ń sọ̀rọ̀, òun náà ní ṣé mi ò lè gbé e mì ni, torí mọ́tò ò kúkú ní í jí, iṣẹ́ ò sì ní í padà. Bóyá òótọ́ ni. Mi ò mọ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ká ní ẹ̀yin lẹ wà lórí ẹní yẹn, tí wọ́n fi nǹkan yín ṣàdúà fẹ́lòmíì lójú yín, tí wọ́n tún ní kẹ́ ẹ ṣe àmín sí i, ẹ dákun, ṣé ẹ̀ bá dákẹ́?