Òkúta tó Kọjú sí Ilé Aránfìlà

Yunifásítì ni mo ti kọ́ iṣẹ́ ọnà, àìsàn ọ̀mọ̀wé tí mo kó níbẹ̀ kò sì tíì fi mí sílẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ àdúgbò wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó wá ní kí n ya àwòrán òkúta ìrántí fún àwọn ọmọ wa tó kú sójú ogun lókè Ọya, inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ìpàdé àkọ́kọ́, irú àga tí àlejò pàtàkì yóò jókòó lé ni wọ́n ń bá ara wọn jà lé lórí. Ní èkejì, alága, bàbá kan tó ti fi òwò táìlì òkè òkun lówó, ní kí òkúta náà ga ju òpó iná lọ. Kò sẹ́ni tó dárúkọ sójà kankan títí mo fi béèrè pé, "Àwọn wo gan-an la fẹ́ kọ síbẹ̀?" Akọ̀wé wo fóònù rẹ̀, ó ní òun máa wádìí.

Orúkọ méje ló kó wá. Mo ní kí wọ́n gbẹ́ wọn sí ojú tó kọjú sí ìlà-oòrùn, kí oòrùn àárọ̀ lè máa tàn sára lẹ́tà. Ìgbìmọ̀ gbẹ́ orúkọ tiwọn sí òdìkejì, ní lẹ́tà ńláńlá, kí àwọn tó ń ti ibùdókọ̀ CMS bọ̀ lè máa kà á.

"Àwọn òkú ò ní bínú," ni alága wí.

Ohun tí èmi ọ̀mọ̀wé kò wò ni ohun tó wà níhà ìlà-oòrùn yẹn. Fàráńdà Àlhájà kan ni, níbi tó ti ń fọwọ́ rán fìlà láti ìgbà tí mo ti ń wọ ṣòkòtò péńpé. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí wà nínú àwọn méje náà. Òkè Ọya lọ́hùn-ún ni wọ́n sin ín sí, kò sì sẹ́ni tó sọ ibi tó wà fún ìyá, nítorí a kì í fi sàréè ọmọ han ìyá rẹ̀. Èmi ni mo wá gbé sàréè náà ka iwájú ilé fún un.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ri òkúta mọ́lẹ̀, ó pè mí.

"Ìwọ ayàwòrán, kí lẹ rì mọ́bẹ̀ yẹn?"

"Òkúta ìrántí ni, mà."

"Ìrántí kẹ̀? Ta ló sọ fún yín pé mo ti gbàgbé?"

Ó fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ tọ́ka sí òkúta náà.

"Ọmọ mi wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, mà."

"Má fi hàn mí o. Mi ò mọ̀wé, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣáà bá mi yí i padà."

Mo lọ bá alága.

"Ká yí i padà? Kí orúkọ wa wá máa wo ẹni tó ń rán fìlà? Ọ̀gbẹ́ni yunifásítì, sìmẹ́ǹtì ti gan."

Mo ṣàlàyé àṣà fún un bí ẹni pé àlejò ni. Ó ní àṣà kò gbọdọ̀ dí ìlọsíwájú lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ ìṣíde òkúta náà, ó lọ fa ìyá náà jáde fúnra rẹ̀. Níwájú gbogbo èrò, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì gbé ìka rẹ̀ lé òkúta.

"Ìyá wa, ọmọ yín rè é! Ìlà kẹta láti òkè!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá kò sunkún. "Ẹ ṣeun," ló wí. Wọ́n ya fọ́tò. Mo wà nínú rẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, Àlhájà ti mọ̀wé, ìlà kan péré. Ó ti yí àga rẹ̀ sí ògiri, inú òjìji ara rẹ̀ ló sì ti ń rán fìlà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn oníbàárà ń bá dúnàádúrà. Èmi náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń kí.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

Kì í béèrè pé ta ni. Á ní, "O ṣé o. Ọmọ rẹ ni yóò sin ọ́."

N kò tíì lè ṣe àmín.