Ewé Máńgòrò Lórí Mọ́tò Mi

Ọkùnrin kan ń ná mọ́tò mi lọ́sàn-án yìí, èmi sì wà lábẹ́ ẹ̀.

Mọ́tò eré ìje àtijọ́ ni, oníjókòó méjì. Àwa márùn-ún la wà nílé. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ wà lẹ́yìn ìjókòó, radiétọ̀ wà níwájú, torí náà abẹ́ ni páìpù omi gbà. Ti àtijọ́ ti dípẹtà. Mo fi jáàkì gbé mọ́tò sókè níwájú búlọ́ọ̀kù wa ní Jakande, mo ń fi èyí tí kì í dípẹtà rọ́pò ẹ̀.

Mo kàn rí bàtà ẹnì kan.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Èló lẹ máa gbà?"

"Lórí kí ni?"

"Lórí mọ́tò yìí."

"Mi ò ta mọ́tò, ọ̀gá."

"Kí wá ni ewé ń ṣe lórí ẹ̀? Mọ́tò tí wọ́n bá fi ewé tútù sí, ṣebí títà ni."

Mo wọ́ ara mi jáde. Lóòótọ́, ẹ̀ka máńgòrò ni wọ́n há sábẹ́ wáípà.

Mo gbójú sókè. Ìyàwó mi ń sá aṣọ ní bákóní.

"Ìyá Dámi, ta ló fi ewé sórí mọ́tò mi?"

Kò tiẹ̀ wò mí.

"Èmi ni. Ti àná ti gbẹ, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ẹ̀ ni."

Mo ti padà sábẹ́ mọ́tò. Ọkùnrin yẹn ò tíì lọ.

Ẹ̀yin ará Jakande tẹ́ ẹ wà níbí, ta ló ti rí ewé yẹn tẹ́lẹ̀ tí kò sọ fún mi?