Bachuli àti àlejò inú bọ́ọ̀sì

Ẹsẹ̀ ni Bachuli fi ń lọ gba oògùn ọkọ rẹ̀ báyìí, wákàtí mẹ́ta àlọ, mẹ́rin àbọ̀, nítorí bọ́ọ̀sì kò gun òkè Kumaon wá sí abúlé wọn mọ́. Àfọwọ́fà sì ni.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọ̀gá kan láti iléeṣẹ́ ọkọ̀ fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì náà, Bachuli ló ń kanlẹ̀kùn kiri.

“Ẹ má wọkọ̀ lọ́la o! Ṣé ẹ fẹ́ fún àlejò mọ́ àárín àwọn agolo wàrà tí ẹ ń gbé lọ tà ni? Ẹ jẹ́ kó rí àyè nasẹ̀!”

Gbogbo abúlé gbà. Wọ́n fi òdòdó sí ọ̀gá náà lọ́rùn, wọ́n fún un ní tíì, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn. Wọn kò mọ̀ pé iye èrò ló wá kà.

Lóṣù kejì, ìwé dé pé èrò kan ṣoṣo ló wọ bọ́ọ̀sì; wọn ò ní gbé e wá mọ́.

Lánàá, bí Bachuli ṣe ń fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tó wú, ọkọ rẹ̀ béèrè pé, “Ìyá Kundan, ta tiẹ̀ ni èrò kan tí wọ́n kà yẹn?”

Bachuli ò gbójú sókè.

“Àlejò wa ni.”