Ìdákẹ́jẹ́ Nílé Kavetsa

Ẹ bi mí léèrè ẹni tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù lórí òkè Maragoli wa, mi ò ní ronú rárá. Kavetsa ni, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Láti ìdájí ni rédíò rẹ̀ ti ń ké. Bí iná bá lọ, á máa kọrin. Bí ọ̀fun rẹ̀ bá gbẹ, á máa bá àwọn adìyẹ jà. Nínú ìjọ Kúékà wa, òun ló ń dá orin. Tí pásítọ̀ bá ní ká dákẹ́ ká gbàdúrà, a ò tíì dijú tán tí Kavetsa á ti gbé òmíràn. Àwọn èèyàn ní Ẹ̀mí ló ń gbé e. Ẹ̀mí kẹ̀! Ẹ̀rù ló ń bà á.

Agufana, ọkọ rẹ̀, ló máa ń fi mọ́tò gbé àwọn àlejò lọ wo kìnnìún àti erin ní Maasai Mara. Lákòókò òjò kan, odò Mara gbé òun àti mọ́tò lọ. Wọ́n rí mọ́tò. Wọn ò rí Agufana. Àwọn àgbà ilé ní ká lọ pè é níbi tó ti sọnù, ká sì sin ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ dípò rẹ̀, bí a ti ń ṣe fún ẹni tí a ò rí òkú rẹ̀. Kavetsa fárígá.

"Ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo fẹ́ ni? Ẹni tí ẹ bá rí òkú rẹ̀ ni kí ẹ sin!"

Látìgbà náà, bí ilé bá ti pa lọ́lọ́, á gbọ́ bàtà tó rin gbindin lọ́dẹ̀dẹ̀: ṣàkà, ṣàkà. Á dé ẹnu ọ̀nà, á dúró. Kì í wọlé. Èmi nìkan ló sọ ọ́ fún, mo sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyálé mi, eku ni."

Nígbà tí àwọn Kúékà àgbáyé ṣe àpéjọ wọn tán ní ìlú Nakuru, wọ́n pín àwọn àlejò káàkiri ilé àwa ọmọ ìjọ kí wọ́n tó lọ wo ẹranko ní Mara. Ilé Kavetsa ni Hester àti àwọn mẹ́ta mìíràn bọ́ sí. Ìyá arúgbó ni Hester, láti ìlú Òyìnbó, ó sì gbọ́ Swahili. Wọ́n jẹ òkèlè ugali àti adìyẹ, wọ́n yó. Ni Hester bá ní:

"Màmá, ṣé a lè sìn bí a ti ń ṣe é nílé wa?"

"Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?"

"A máa ń jókòó, a ó dákẹ́ ni. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá sọ sí lọ́kàn á dìde, á sọ ọ́. Tó bá parí, a ó bọ ara wa lọ́wọ́."

"Ẹ dákẹ́ kẹ̀? Ṣé Ọlọ́run ń sùn ni?" Kavetsa fi ẹ̀rín bò ó, àmọ́ kò fọwọ́ kan rédíò tó ń ké. Ta ló máa kọ ohun tí àlejò bẹ̀bẹ̀ fún? Èmi ni mo pa rédíò, ọ̀sán gangan.

A jókòó yíká. Mo wà lọ́tùn-ún Kavetsa. Lósì rẹ̀, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ni àga Agufana wà, tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé. Àwọn àlejò dijú. Ilé pa lọ́lọ́.

Ṣàkà, ṣàkà.

Mo gbọ́ ọ! Èmi tí mo ní eku ni, mo gbọ́ ọ kedere. Kavetsa la ẹnu láti dá orin, orin ò jáde. Ló bá dìde.

"Agufana, kí ló dé tí o ò wọlé? Ilé rẹ mà nìyí."

Kavetsa jókòó padà. Àwọn àlejò ò lajú. Wọ́n rò pé àdúrà ló ń gbà. Nígbà tó yá, Hester bọ ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ìyẹn bọ ẹlòmíràn, títí ó fi kàn mí. Mo bọ Kavetsa lọ́wọ́. Òun náà, kò tiẹ̀ rò ó, ó yíjú sí àga òfìfo, ó na ọwọ́. Mo rí ọwọ́ náà tó ń lọ sókè, tó ń lọ sílẹ̀. Nígbà tó fà á padà, omi ń kán lára rẹ̀.

"Ìyàwó," ó sọ ọ́ sí mi létí, "ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Lójú ẹsẹ̀ ló bẹ Hester fún àyè nínú mọ́tò wọn. Mo tẹ̀ lé wọn, ta ló máa jẹ́ kó dá nìkan lọ? Létí odò Mara, àwọn àlejò ń ya fọ́tò erinmi. Kavetsa gba ìsàlẹ̀ lọ.

"Màmá, ọ̀nì wà níbẹ̀ o!" awakọ̀ pariwo.

"Ọkọ mi ni mo wá mú, kì í ṣe ọ̀nì." Ó wo omi. "Agufana, ó tó. Jẹ́ ká lọ sílé."

Kò kọ orin kankan títí a fi délé. Ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀. Nígbà tí mọ́tò dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó di ilẹ̀kùn mú fún ẹnìkan tí a ò rí, kó tó tì í. Lọ́jọ́ kejì, a sin ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́yìn ilé, gbogbo wa sunkún.

Nígbà tí mo tún yà kí i, mi ò gbọ́ rédíò. Ó ní, "Jókòó, Ìyàwó. Má sọ̀rọ̀." A jókòó, a dákẹ́. Adìyẹ ń ha ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn. Lójijì ni ó bú sẹ́kún.

"Kò wá mọ́. Mo ti ń dákẹ́ láti àárọ̀, kò wá."

Mi ò rí yẹ̀yẹ́ kankan ṣe. Nígbà tó sunkún tẹ́rùn, ó na ọwọ́ sí mi, mo bọ̀ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ gbẹ.