Àkàrà Tó Gbé Àwọn Ọmọ Wa Dé Yunifásítì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Thamesmead ní London lóṣù tó kọjá fún yín. Ọkàn mi ti balẹ̀ báyìí ni mo ṣe lè máa fi ṣe ẹ̀rín rín.

Ẹ mọ Fèyí, ọmọ mi obìnrin tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, níbi tí wọ́n ti ń múra sílẹ̀ fún yunifásítì. London níbí ni mo bí i sí. Òun ló ń tọ́jú owó fún ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú níbẹ̀. Ẹgbẹ́ náà fẹ́ gba bọ́ọ̀sì lọ wo àwọn yunifásítì kan tó jìnnà sí London. Kọ́lẹ́ẹ̀jì san ìdajì owó bọ́ọ̀sì, wọ́n ní kí àwọn ọmọ wá ìyókù. Tí wọn ò bá rí i san títí Monday, ìrìn àjò parí nìyẹn.

Kí ló kàn mí nínú ẹ̀? Ó kàn mí o! Fèyí mọ̀wé, àmọ́ ó ti sọ fún mi pé òun ò ní kọ̀wé sí yunifásítì kankan tó bá jìnnà sílé. Ó ní àwọn èèyàn irú òun ò sí níbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bá a jà, mo gbàdúrà sí i. Etí ikún ló kọ sí mi. Tíṣà rẹ̀ wá ní kó kàn lọ fojú ara rẹ̀ rí i ná. Gbogbo ìrètí mi wà lórí bọ́ọ̀sì yẹn.

Bí a ṣe pinnu láti dín àkàrà tà nìyẹn. Pásítọ̀ fún wa láyè níwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Thamesmead West, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sunday. Èmi ń dín lẹ́yìn, Fèyí àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń tà níwájú. Atẹ́gùn láti odò tó wà nítòsí ń da iná mi rú, èéfín kún ojú mi, mi ò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí mo gbójú sókè, àkàrà kún orí tábìlì, kò sí oníbàárà kankan. Wọ́n ti di àwọn kan sínú bébà lọ́tọ̀. Mo bi Fèyí pé ti ta ni wọ̀nyí. Ó ní ti àwọn mummy tó ní àwọn ń bọ̀ ni, òun ń bá wọn fi pamọ́.

Ẹ gbà mí! Ta ló ń sọ “mò ń bọ̀” nídìí ọjà tó sì ń padà wá?

Ó wá ṣàlàyé. Mummy Adérónkẹ́, olórí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, ló kọ́kọ́ dé. Màmá ní kó fi èènì sí i, òun sì dá wọn lóhùn jẹ́jẹ́ pé mẹ́rin ni owó yẹn rà. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ń bọ̀, wọ́n dá owó padà sínú báàgì. Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn wọn náà bá ní àwọn ń bọ̀.

Inú bí mi. Mo ní ṣé tìtorí àkàrà kan péré ló ṣe lé gbogbo oníbàárà lọ?

Ó ní: “Mummy, owó bus ni gbogbo ẹ̀. Tí mo bá ń fún wọn ní free, ṣé kì í ṣe owó ẹgbẹ́ ni mò ń jí?”

Òótọ́ inú ló fi sọ ọ́. Mo ṣàlàyé fún un pé èènì kì í ṣe olè, òun ni ọlọ́jà fi ń sọ fún oníbàárà pé mo mọyì rẹ, tún padà wá. Ó wò mí bíi pé àlọ́ ni mò ń pa. Ó ronú díẹ̀, ó wá kó àwọn tó dì sínú bébà, ó fi èènì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kọrí síbi tí àwọn màmá dúró sí lẹ́bàá ọkọ̀ wọn. Mo sì mọ ẹnu Mummy Adérónkẹ́ o!

Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní kí wọ́n má bínú, òun ti fi èènì sí i. Màmá ò tíì gbà á, wọ́n bi í pé kí ni àwọn ọmọ fẹ́ fi owó náà ṣe gan-an. Àṣé wọn ò tiẹ̀ mọ̀! Fèyí sọ ti bọ́ọ̀sì, ó sọ ti Monday. Màmá bá yíjú sí àwọn yòókù.

“Ta ló ní òun ń bọ̀? Ó yá, ẹ máa bọ̀. Àwọn ọmọ wa fẹ́ lọ wo university.”

Àwọn gan-an tó kọ́kọ́ ní àwọn ń bọ̀ ló wá rà á o! Ẹ má sì rò pé wọ́n fi èènì sílẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, wọ́n tún ra sí i fún àwọn ará ilé wọn. Kí n tó mọ̀, ẹ̀wà lílọ̀ ti tán nínú abọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Lọ́jọ́ Monday, tíṣà ránṣẹ́ pé owó bọ́ọ̀sì ti pé, mo sì mí kanlẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ, mo wà níbi iṣẹ́, nílé bàbá àgbà kan tí mò ń tọ́jú ní àdúgbò Royal Arsenal. Mò ń po tíì fún wọn lọ́wọ́ nígbà tí voice note Fèyí wọlé. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ń mú àwọn káàkiri, ọmọ Yorùbá ni, South Thamesmead nítòsí wa níbí ló ti wá. Ó wá ní: “Mummy, mo ti rí àga tí mo máa jókòó sí ní library.”

Mo gbé ife tíì kalẹ̀, mo bú sẹ́kún. Bàbá ń bi mí pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, ọmọ mi fẹ́ lọ yunifásítì ni.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ìròyìn ò tó àfojúbà. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ ọmọ yẹn, ọjọ́ kan péré ló fojú ara rẹ̀ rí i, ó yí ọkàn padà. Tí àwọn ọmọ bá wá bá yín pé àwọn fẹ́ lọ wo ilé ìwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i, bó ti wù kó kéré mọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ibo lẹ mú ọmọ tiyín dé tí ojú rẹ̀ fi là? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá ka gbogbo ẹ̀. Fèyí náà á kà á tó bá ráyè, torí bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ̀gbẹ́ mi níbí ló jókòó sí, ó ń kọ fọ́ọ̀mù yunifásítì.