Díìṣì Inú Bọ́kẹ́ẹ̀tì Ọ̀dà

Mo ṣì kéré, n kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, nígbà tí díìṣì tẹlifíṣọ̀n tí bàbá wa fọwọ́ ara wọn gbé kalẹ̀ já lu Bùsọ́lá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Awoyaya là ń gbé nígbà náà. Iṣẹ́ bíríkìlà ló gbé bàbá wa wá láti Òṣogbo.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà á rántí bí díìṣì ṣe gbayì tó. Lánlọ́ọ̀dù wa kìlọ̀ pé, "Ẹni tó bá lu ihò sí ògiri mi, kó máa palẹ̀ mọ́." Bàbá wa bá ri páìpù díìṣì náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà, wọ́n da kọnkéré kún un, wọ́n gbé e sórí dẹ́kìn òrùlé, lókè ibi tí a ń sá aṣọ sí. Wẹ́dà tó ń jó irin ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ilé wa sọ fún wọn pé, "Bàbá Bùsọ́lá, ẹ so ó mọ́ nǹkan o. Atẹ́gùn òkun kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé."

Bàbá wa rẹ́rìn-ín. "Erin gan-an ò lè ṣí i nípò."

Bùsọ́lá ló máa ń gun òkè lọ yí i tí àwòrán bá lọ. Àwa a jókòó ti dùńdú gbígbóná nísàlẹ̀, a ó máa pariwo lójú fèrèsé pé, "Orí ọkùnrin náà ti dé, Àǹtí, ó ku ara." Òun náà a dáhùn pé, "Ẹ jẹ dùńdú mi tán, kí n gbé gbogbo rẹ̀ padà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ṣú. Èmi ni màmá wa ní kí n kó aṣọ, ṣùgbọ́n mò ń ta tẹń-tẹń lọ́wọ́. Bùsọ́lá ní kí n parí eré mi, ó sì lọ. Atẹ́gùn gba inú díìṣì bí ìgbà tó gba ìgbòkun, ó fà á ṣubú lé Bùsọ́lá lórí, tòun ti bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a.

Ẹnikẹ́ni kò nà mí. Ìbá sàn kí wọ́n nà mí. Bàbá wa kàn ń sọ ọ́ ṣáá pé, "Èmi ni mo po kọnkéré yẹn."

Ṣàngótẹ̀dó ni mò ń gbé báyìí, bàbá wa sì wà lọ́dọ̀ mi. Bóòtù irin mẹ́rin ló de díìṣì tèmi mọ́ ògiri. Ní àràárọ̀, bàbá wa á fi ọ̀pá wọn gbá páìpù rẹ̀ wò kí wọ́n tó mu tíì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, díìṣì aládùúgbò kan já, kò ba ẹnikẹ́ni. Àwọn aláṣẹ ẹsìtéètì lẹ ìwé mọ́ géètì: láti ọjọ́ Ajé, wọn yóò máa yẹ díìṣì wò láti ilé dé ilé, wọn yóò sì sọ èyí tí a kò bá dè dáadáa kalẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù tí kò bá gbà kí ayálégbé lu ògiri, òun ni yóò wá ṣàlàyé.

Bàbá wa ní kí n tún ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn kà. Mo kà á fún wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.