Igi Obì Tí Ìyá Ìyàwó Mi Fi Sílẹ̀ Fún Mi

Mo rántí bí oko obì ìyá ìyàwó mi ṣe máa ń rùn láàárọ̀ ọyẹ́: òórùn ewé gbígbẹ, èéfín igi tútù, àti oje tó ń sun lára kùkùté tuntun. Oko náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Òkè-Sopẹ́n ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó sì gba ọ̀nà Ogun Waterside lọ títí tí èmi kò fi mọ ibi tó parí sí. Lọ́wọ́ bàbá wọn ni Màmá ti jogún rẹ̀, bí a bá sì ń sọ ẹni tó nílẹ̀ lágbègbè wa nígbà yẹn, orúkọ wọn kì í gbẹ́yìn.

Màmá kì í gé gbogbo oko lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n pín in sí abala, abala kan ni wọ́n sì máa ń tún ṣe lọ́dún. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan igi àgbà kankan, wọn á ti gbin ọmọ obì sáàárín àwọn àgbà, wọn á gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti fi ṣíji bò ó. Ìgbà tí ọmọ obì bá ga dé èjìká Màmá ni wọ́n tó máa ń ránṣẹ́ sí àwọn agégi. Màmá kò sì ga. Wọn á máa rìn láti ìdí igi dé ìdí igi, wọn á fi ẹ̀yìn àdá lu ara rẹ̀, wọn á dẹ etí. Èyí tí dídún rẹ̀ kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn á fi ẹfun sàmì sí i. Èyí tó bá ṣì le, tó ń so, wọn kì í gé e, bó ti wù kó dàgbà tó. Àwọn agégi á kọ́kọ́ gòkè lọ gé ẹ̀ka kúrò, kí igi má baà fọ́ ọmọ obì mọ́lẹ̀ nígbà tó bá ń wó. Màmá a máa wí pé, “Àgbà tó ń lọ kò gbọdọ̀ mú ọmọdé lọ.”

Àkọ́bí mi obìnrin ló mú mi wọ inú ọ̀rọ̀ igi. Oṣù rẹ̀ kò pé tí a fi bí i, ó sì kéré débi pé ẹ̀rù ń bà mí láti gbé e. Nínú ẹbí ìyàwó mi, bí ọmọ bá dáyé, orí ilẹ̀ tí a sin ibi ọmọ náà sí ni à ń gbin ọmọ obì sí, kí ọmọ àti igi jọ máa dàgbà. Bàbá ọmọ ló ń gbẹ́ ilẹ̀. Mo wo ọmọ obì tí wọ́n gbé fún mi, ewé rẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ, àyà mi já. Ṣé ohun tí ewúrẹ́ lè fẹnu kan já ni kí n fi ọmọ mi tì? Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo lọ sin ibi ọmọ náà sí ìdí igi obì tó tóbi jù lọ ní abala tí a wà. Èrò mi ni pé ọmọ tí kò lágbára ló yẹ kó fẹ̀yìn ti igi tó lágbára. Èmi tí mò ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ló ronú bẹ́ẹ̀ o. Màmá wo ibi tí mo gbẹ́, wọ́n mi orí.

Ọmọ náà dàgbà, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ọyẹ́ ni ikọ́ máa ń bá a jà. Akọ̀wé ni mí ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè nígbà yẹn. Bí mo bá ti gba ọ̀nà ìlú Òrù délé nírọ̀lẹ́, àyà rẹ̀ ni n óò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Lọ́jọ́ tí ikọ́ bá le, n óò yà sí oko lọ wo igi. Bí ewé rẹ̀ bá ń já, oúnjẹ kò ní wọlé fún mi. Ìyàwó mi sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, “Ẹ kúkú ti tẹmómítà bọ igi náà lábíyá.”

Ọmọ ti wọ ilé ìwé kí àtúnṣe oko tó kan abala yẹn. Màmá fi àdá lu igi mi, ó dún bí àgbá òfìfo. Àfòmọ́ sì ti bo orí rẹ̀. Wọ́n fi ẹfun sàmì sí i, wọ́n wá pè mí.

“Àna mi, igi yìí ti tán nínú.”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ náà ń wúkọ́ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ yìí kọjá ná.”

Olórí àwọn agégi bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá ọmọ, ṣé ká gbé igi lọ sí ọsibítù ni?”

Màmá kò rẹ́rìn-ín. “Àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ní í bá tan. Ṣé o mọ̀ bẹ́ẹ̀?”

“Mo mọ̀, Màmá.”

Wọ́n wo ojú mi títí. Lẹ́yìn náà wọ́n fi etí ìró wọn nu ẹfun náà kúrò. “Ó di ọdún tó ń bọ̀.”

Nígbà tí ọdún yípo, àwọn agégi padà dé, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ mi. Ọmọ mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó ní òun fẹ́ wo bí igi ṣe ń wó. Màmá mú mi lọ sí ìdí igi náà.

“Inú igi lo sin ibi ọmọ sí ni, àbí inú ilẹ̀?”

“Inú ilẹ̀ ni, Màmá.”

“Ta ló wá fẹ́ gbé ilẹ̀ lọ?”

Mo dáwọ́ ẹ̀bẹ̀ dúró. Mo gbé ọmọ mi lọ sí òkèèrè, nítorí igi gànganràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí ẹ̀rọ agégi ṣe ń ké, mo tún fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lójú.

“Dádì, ẹ mú ọwọ́ yín kúrò! Mi ò rí nǹkan kan!”

Ilẹ̀ mì. Nígbà tí mo mú ọwọ́ kúrò, igi ti wà nílẹ̀, inú rẹ̀ jin bí odó, ikán ń tú jáde. Ọmọ mi bú sẹ́kún pé mo fi wíwó igi du òun. Ní ti ikọ́, bó ṣe wú u lọ́dún tó kọjá náà ló wú u lọ́dún yẹn, kò lé, kò dín. Nígbà tó yá, ó kúrò lára rẹ̀ bí ó ṣe máa ń kúrò lára ọ̀pọ̀ ọmọ.

Màmá ti lọ sinmi báyìí. Ọmọ mi ti kàwé jáde ní yunifásítì, ó ti di ìyàwó ilé. Láìpẹ́ yìí, èmi àti ìyàwó mi rìn dé abala yẹn, mo sì ṣàkíyèsí ohun kan: àwọn obì tó yí ojú ibi tí igi mi wà tẹ́lẹ̀ ká kò dàgbà tó àwọn yòókù. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí igi tó le dáadáa ni mo rántí níbẹ̀, Màmá kì í sì í gé igi tó ń so. Mo bi ìyàwó mi.

“Ṣé ẹ ò mọ̀ ni?” ó ní. “Ọdún tí wọ́n fi igi yín sílẹ̀ ni àfòmọ́ ran àwọn igi tó yí i ká, Màmá sì gé wọn, wọ́n gbin ọmọ obì míì dípò. Màmá ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín, pé ẹ ti ní ìdààmú tó.”

Màmá mọ ohun tí ọdún kan náà máa gbà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó nu ẹfun yẹn, síbẹ̀ wọ́n nù ún, wọn kò sì fi bú mi títí wọ́n fi lọ. Lójú tèmi nígbà náà, èmi nìkan ni òbí tó ń ṣọ́ ọmọ nínú oko yẹn.